Eérú Tó Wà Lójú Ọgbẹ́

"Tún un wò," Fẹ́hìntọlá sọ fún ẹ̀rọ náà.

Ẹ̀rọ náà kò bá a jiyàn. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń pè é, ohùn rẹ̀ sì dà bíi ti obìnrin tí oorun ń kùn. Ó tún tan iná rẹ̀ tín-ín-rín sí ojú ọgbẹ́ tó wà lára gíláàsì náà, ó wá tún ohun tó ti ń sọ láti àárọ̀ sọ.

"Kálísíọ́mù. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Iyẹ̀pẹ̀ pupa tó ti yọ́. Bàbà. Síńkì. Kò sí ohun mìíràn."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Èmi kì í sọ ohun tí kò sí níbẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi fẹ́ràn rẹ̀ ní gbogbo Ilé Ojú Ọgbẹ́, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ọgbẹ́ ara ọkọ̀ wò.

Gíláàsì tó wà lórí tábìlì náà kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ara fèrèsé ọkọ̀ òfuurufú kan ni wọ́n ti gé e, ọkọ̀ tó dá ara rẹ̀ darí wá sí Èbúté Òkè pẹ̀lú òkú awakọ̀ rẹ̀ nínú. Ọgbẹ́ náà kò tóbi ju hóró ọkà bàbà lọ, ṣùgbọ́n ìlà kan ti ibẹ̀ sán lọ dé etí gíláàsì, ojú ìlà yẹn sì ni gbogbo afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ gbà jò tán. Ohun kékeré kì í ṣe kékeré lókè lọ́hùn-ún. Hóró tó ń sáré ju ọta ìbọn lọ, bó bá gbá ara ọkọ̀, òun fúnra rẹ̀ á yọ́, á di èéfín, ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ inú kòtò tó gbẹ́, bí èépá ẹ̀kọ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Èépá yẹn ni iṣẹ́ Fẹ́hìntọlá. Ó ti ń ka irú rẹ̀ tipẹ́, kò sì sí èyí tó dẹ́rù bà á rí bíi ti òní.

Ọ̀gá Ṣówándé, olórí ilé iṣẹ́ náà, wọlé láì kan ilẹ̀kùn, ìgò tíì rẹ̀ lábẹ́ abíyá.

"Fẹ́hìntọlá, ṣé o ti parí? Ọkọ̀ mẹ́ta ló tò sórí pápá bí adìẹ tí òjò pa. Àwọn èrò ti wà nínú wọn láti àárọ̀, àwọn ọmọdé ti ń ké. Wọn ò lè gbéra àfi tí o bá sọ̀rọ̀."

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ó ku díẹ̀."

"Ó ku díẹ̀ bíi ti kí ni? Mo ti gbọ́ ohun tí Ẹlẹ́rìí sọ láti ọ̀ọ̀dẹ̀. Ṣé ó mẹ́nu ba ọ̀dà ara ọkọ̀?"

"Rárá, sà."

"Alumíníọ́mù ńkọ́?"

"Kò mẹ́nu bà á, sà."

"Ó parí nìyẹn. Kò sí ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe níbẹ̀. Ti Ọ̀run ni. Òkúta wẹ́wẹ́ tó ń fò kiri lójú ọ̀run, Ọlọ́run ló jù ú, a kì í mú Ọlọ́run lọ sí kóòtù. Kálísíọ́mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì máa ń wà lára irú òkúta bẹ́ẹ̀. Mo ti rí i rí."

"Bàbà ńkọ́, sà?"

"Bàbà náà, ta ló dá a?" Ọ̀gá Ṣówándé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà kú. Ó gbé ìgò tíì kalẹ̀. "Gbọ́, ìyá awakọ̀ yẹn ṣì wà lẹ́nu géètì. Ó ti gbẹ́ sàréè ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Òfin ò gbà kó sin ín láìjẹ́ pé ènìyàn fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ohun tó pa á. Ẹ̀rọ lè sọ ohun tó wà níbẹ̀, ìwọ ló máa sọ ohun tó jẹ́. Ṣàánú obìnrin náà."

"Bí mo bá ní Ti Ayé ni, pé ọ̀dọ̀ ènìyàn ló ti wá ńkọ́, sà?"

"Kí ló dé tí wàá fi sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo kàn ń béèrè ni, sà."

"O mọ̀ ọ́n, o ń bi mí. Wọ́n á ti ojú ọ̀nà yẹn pa. Wọ́n á rán àwọn Agbálẹ̀ lọ sókè, wọ́n á kó ohunkóhun tó bá wà lójú ọ̀nà náà, wọ́n á jù ú sínú iná. Ẹni tó tú nǹkan sílẹ̀ á sì di ọ̀kan nínú àwọn Agbálẹ̀." Ó gbé ìgò rẹ̀. "O ti rí Agbálẹ̀ kan tó darúgbó rí?"

"Rárá, sà."

"Kí oòrùn tó wọ̀, Fẹ́hìntọlá. Mo bẹ̀ ọ́."

Ó jáde. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le gan-an nìyẹn: gbogbo ènìyàn rere tó wà ní Èbúté Òkè lọ́jọ́ náà ló ń fẹ́ kí Fẹ́hìntọlá sọ Ti Ọ̀run, bó bá sì sọ ọ́, kò sí ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ó kàn máa la ẹnu ni. Inú rẹ̀ bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ tábìlì.

Nítorí pé kálísíọ́mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, egungun ni. Bàbà àti síńkì, idẹ ni. Ó sì mọ ilé kan ṣoṣo láyé yìí tí egungun, idẹ àti iyẹ̀pẹ̀ pupa ti pàdé.

Ọmọ Agbèrí-Òkun ni Fẹ́hìntọlá. Ó ṣì kéré nígbà tí òkun gba ìlú náà tilé-toko, tí wọ́n gun òkè wá bá àwọn onílẹ̀. Àwọn onílẹ̀ fún wọn níbi tí wọ́n lè dúró sí, wọn kò fún wọn níbi tí wọ́n lè sùn sí bí wọ́n bá kú. Wọ́n ní ilẹ̀ tó kù kò tó fún oúnjẹ, wọ́n ní ẹnu alààyè ló wà fún. Ẹni tí kò nílẹ̀, bó bá kú, iná ni òfin yàn fún un. Ẹ̀sìn wọn kò gbà á, àwọn àgbààgbà sunkún sunkún, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ ẹkún ẹni tó ń gbélé onílé? Wọ́n á rọ eérú òkú sínú ìkòkò amọ̀ kékeré, wọ́n á fi ọ̀dà dí ẹnu rẹ̀, wọ́n á to àwọn ìkòkò sínú àgò irin, ọkọ̀ á sì gbé àgò náà lọ sókè, síbi tí wọ́n ní ohunkóhun kì í ti já bọ́. Ohun kan ṣoṣo ni àwọn ará Agbèrí-Òkun fi kún òfin yìí láti inú ara wọn. Kí òkun tó dé, ìdílé kọ̀ọ̀kan ti bu iyẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ ilé rẹ̀ pamọ́ sínú agolo. Ẹ̀kún ọwọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ń bù mọ́ òkú wọn, kó má baà sùn sórí ohun àjèjì.

Ilé alágbẹ̀dẹ idẹ sì ni ilé wọn. Bí oòrùn bá yọ láàárọ̀, ilẹ̀ á máa dán yinrinyinrin. Rábíátù ìyá rẹ̀ á máa gbálẹ̀, á máa ráhùn sí bàbá Fẹ́hìntọlá pé, "Làmídì, idẹ rẹ tún ti wọ inú ọbẹ̀ mi o. Ìwọ lo máa jẹ ẹ́." Ilé mìíràn kò ní irú iyẹ̀pẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Fẹ́hìntọlá ti mọ ẹni tó wà lójú ọgbẹ́ náà láti ìgbà àkọ́kọ́ tí Ẹlẹ́rìí ti la ẹnu. Ohun tí kò mọ̀ ni bó ṣe jáde. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ fi ọ̀dà dí ìkòkò eérú ìyá rẹ̀. Ó rí i pé ó dí pinpin.

Ó dìde, ó wọ ọkọ̀ orí okùn, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ òkè níbi tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń gbé.

Làmídì ni gbogbo àdúgbò fi ṣe adíkòkò wọn, nítorí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, kò sì sí ẹni tó tún ń rọ idẹ mọ́. Ó jókòó sórí àpótí níwájú ilé rẹ̀, ìkòkò eérú aládùúgbò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú wà láàárín orúnkún rẹ̀.

"Àwẹ̀ró!" Oríkì rẹ̀ ló fi pè é. "Ṣé kò sí o? Lọ́sàn-án gangan?"

"Kò sí, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́." Ó kúnlẹ̀, kò sì tètè dìde. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ń wò.

Ó rí i tó fi ọ̀dà gbígbóná yí ẹnu ìkòkò ká, tó fẹ́ ẹ títí ó fi le. Iṣẹ́ náà mọ́. Lẹ́yìn náà ló wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fa ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan yọ lábẹ́ àpótí, ó sì fi gé ọ̀dà náà yí po, ó rọra yí ìdérí náà díẹ̀. Ojú ò lè rí àlàfo tó wà níbẹ̀. Ó ń sọ nǹkan wúyẹ́wúyẹ́ sẹ́nu bó ti ń ṣe é.

"Bàbá, kí lẹ ṣe yẹn?"

Bàbá arúgbó náà rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń ṣe oore. "Ìwọ tó kàwé tó báyìí, wọn ò kọ́ ọ? Òkú tí a bá fi okùn so nínú aṣọ funfun, bó bá ti dé inú sàréè, a máa ń tú okùn yẹn ni. A kì í de ènìyàn lọ bá Ọlọ́run. Wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wa, wọ́n fi iná sun wá. Ó wá kù kí a tún de ènìyàn mọ́ inú ìkòkò títí láé? Ọwọ́ mi kọ́."

"Gbogbo wọn lẹ máa ń tú?"

"Ta ni n bá yọ sílẹ̀?"

"Ti Màámi ńkọ́?"

"Tìyá rẹ ni mo kọ́kọ́ tú," ó sọ. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó rí oorun sùn."

Kò sí bí Fẹ́hìntọlá ṣe lè rọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu kó dùn. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó sọ bí eérú ṣe ń jò látinú ìkòkò tí kò dí, bó ṣe ń di ọta lójú ọ̀nà ọkọ̀, àti ohun tí Ẹlẹ́rìí bá lójú ọgbẹ́. Bàbá rẹ̀ kàn ń fi àtàǹpàkò nu ẹnu ọ̀bẹ náà, ó ń nù ún, ó ń nù ún.

"Ó wá pa ènìyàn?"

"Awakọ̀ kan, Bàbá. Ọláìítán lorúkọ rẹ̀."

"Rábíátù?" Ó gbójú sókè. "Rábíátù tí kò lè pa adìẹ fúnra rẹ̀?"

Fẹ́hìntọlá bú sẹ́kún. Bàbá rẹ̀ kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ìbẹ̀rù ló wà nínú ohùn rẹ̀, kì í ṣe ọgbọ́n àgbà.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Kò sí. Ọ̀gá mi ń fẹ́ kí n sọ Ti Ọ̀run."

"Nígbà náà, sọ bẹ́ẹ̀." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Sọ bẹ́ẹ̀, Àwẹ̀ró. Àbí kí wọ́n wá kó gbogbo òkú Agbèrí-Òkun dànù lọ́jọ́ kan ṣoṣo? Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ará ìlú? Láti òní, mi ò ní tú òmíràn mọ́. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Èyí tẹ́ ẹ ti tú ńkọ́?"

Làmídì jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ti ọ̀bẹ náà padà sábẹ́ àpótí.

"Ọkọ̀ mẹ́ta ló wà lórí pápá, Bàbá. Èrò ti kún inú wọn. Ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n máa gbà."

Làmídì wo ìkòkò tó wà láàárín orúnkún rẹ̀. Ó mú ọ̀dà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ẹnu rẹ̀ dí, ṣùgbọ́n ọ̀dà náà ń kán sí i lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Ti eérú burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí eérú tó ti fò kì í balẹ̀ rárá. Nígbà tó yá, ó gbé ìkòkò náà sílẹ̀, ó wọ bàtà rẹ̀.

"Mú mi lọ wò ó."

Ní Ilé Ojú Ọgbẹ́, Fẹ́hìntọlá jẹ́ kó jókòó sórí àga tirẹ̀, ó sì fa awò ńlá sún mọ́ ojú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ kòtò náà hàn gbangba, ó tẹ́jú, èépá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bò ó, aláwọ̀ funfun àti pupa. Láàárín rẹ̀, ohun kan ń dán.

Làmídì tẹjú mọ́ ọn. "Idẹ mi rèé," ó wí. "Mo mọ idẹ mi." Lẹ́yìn náà ló fi ẹnu ìka kan tọ́ gíláàsì náà, lẹ́bàá ọgbẹ́, kò fọwọ́ kan ọgbẹ́ fúnra rẹ̀. "Sọ ọ́, Àwẹ̀ró. Mi ò fẹ́ kó tún pa ọmọ ẹlòmíràn. Kò ní í dùn mọ́ ọn nínú. O mọ ìyá rẹ."

"Wọ́n á mú yín, Bàbá."

"Ṣé mo ní wọn ò ní í mú mi ni?"

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí Ọ̀gá Ṣówándé padà dé. Ó rí bàbá arúgbó tó jókòó sídìí awò, ó wo ojú Fẹ́hìntọlá, ó sì dà bí ẹni pé ó ti mọ̀. Ẹlẹ́rìí ṣí ohùn rẹ̀ dé ẹnu géètì àti orí pápá, bí òfin ṣe wí, kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́.

"Mo ti sọ tèmi," ni ẹ̀rọ náà wí. "Ẹnu ènìyàn ló kù. Kí ló pa Ọláìítán?"

Fẹ́hìntọlá fọwọ́ di etí tábìlì mú.

"Ti Ayé ni."

Ọ̀gá Ṣówándé wá àga, ó jókòó.

"Ti ta ni?" ni Ẹlẹ́rìí béèrè.

"Ìyá mi ni," Fẹ́hìntọlá sọ. "Rábíátù, aya Làmídì, ará Agbèrí-Òkun. Egungun rẹ̀ ni, àti iyẹ̀pẹ̀ ilé wa."

Níta, àwọn èrò inú ọkọ̀ rọ́ sídìí fèrèsé.

"Ta ló tú u sílẹ̀?"

Fẹ́hìntọlá wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló dìde, tó sún mọ́ ẹ̀rọ náà bí ẹni pé etí rẹ̀ di.

"Èmi Làmídì ni. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe fún un."

"Mo ti gbọ́," ni Ẹlẹ́rìí wí. Iná rẹ̀ kú.

Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn kan ń ṣépè nítorí ìrìn-àjò tó bàjẹ́, wọn kò mọ̀ pé ẹ̀mí wọn ni wọ́n gbé sọ̀ kalẹ̀ yẹn. Òfin ní kí ẹni tó dárúkọ ọgbẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé gíláàsì náà fún ẹbí òkú, kí wọ́n sin ín pẹ̀lú rẹ̀. Fẹ́hìntọlá fi aṣọ funfun wé e, ó gbé e lọ sí ẹnu géètì, ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Ọláìítán.

Obìnrin náà ga, ó sì gbẹ. Erùpẹ̀ sàréè tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Onílẹ̀ ni, ọmọ onílẹ̀. Ó gba aṣọ náà, ó tú u, ó wo inú rẹ̀ pẹ́.

"Èyí tó ń dán yìí ni ìyá rẹ?"

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mi ò ní kí o bẹ̀ mí. Mo ní ṣé òun nìyí?"

"Òun ni, mà."

"Wọn ò fún un nílẹ̀ nígbà tó kú."

"Wọn ò fún un, mà."

"Èmi náà wà lára àwọn tí ò fún un." Ó tún aṣọ náà wé, ṣùgbọ́n kò so ó. "Rábíátù á sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi. Má rò pé mo ti dárí jì í o. Mi ò tíì dárí ji ẹnikẹ́ni. Ọlá ọmọ mi ni kì í fẹ́ dá sùn láti kékeré."

Ó yí ẹ̀yìn padà, ó lọ. Fẹ́hìntọlá wò ó títí ó fi wọ inú ọgbà àwọn onílẹ̀, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

Ọkọ̀ àwọn Agbálẹ̀ kì í dúró dìgbà tí ẹkún bá tán. Nígbà tí Fẹ́hìntọlá máa fi padà dé pápá, wọ́n ti wọ aṣọ wọn fún Làmídì, aṣọ eléérú tó tóbi jù ú lọ, apá rẹ̀ sì ti sọnù sínú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì dì í mú, kì í ṣe pẹ̀lú ìkà. Wọ́n jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Àwẹ̀ró, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n máa ń de ènìyàn mọ́ àga nínú ọkọ̀ yìí?"

"Wọ́n máa ń dè é, Bàbá. Kó má baà máa léfòó ni."

"Ìyẹn ò burú." Ó ronú. Ojú rẹ̀ wà lára okùn ìjókòó tó hàn láti ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó fẹ̀, ó dúdú, irin wà lẹ́nu rẹ̀. "Èyí tí mò ń sọ ni ti ìgbà tí mo bá kú síbẹ̀. Ṣé wọ́n á tú mi?"

Fẹ́hìntọlá mọ èsì. Agbálẹ̀ tó bá kú sókè, inú àpò tó dí pinpin ni wọ́n ń dè é sí, okùn lórí okùn, kí ohunkóhun má baà jò lára rẹ̀. Láti òní lọ, nítorí ọ̀rọ̀ tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, wọ́n á tún fi okùn kún un.

"Wọ́n á tú yín, Bàbá," ó sọ.

Irọ́ kan ṣoṣo tó pa lọ́jọ́ náà nìyẹn. Làmídì gbà á gbọ́, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì wọ inú ọkọ̀ lọ.